Ìtàn Ilé, Ìtàn Ìlú: Èwo Ni Kí A Gbà Gbọ́?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àwọn tí ó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí. Àwọn tí ó kọ wọ́n kò mọ ara wọn, ìlú wọn ní ilẹ̀ Èkìtì sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà wọ́n tán mo rí i pé ìyọnu kan náà ni ó ń bá wọn fínra: báwo ni ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣe jẹ mọ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn? Lẹ́tà àkọ́kọ́ gùn, mo sì ti gé e kúrú díẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní agbègbè Ìjerò-Èkìtì. Ìgbìmọ̀ kan ń ṣe ìwé kékeré fún ayẹyẹ ọjọ́ ìlú wa, wọ́n sì ní kí ilé kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí ó bá mọ̀ nípa ogun Kírìjì, èyí tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, wá. Mo kọ ohun tí ìyá bàbá mi sọ fún mi: pé bàbá tirẹ̀ lọ sí ibùdó ogun ní Ìmẹ̀sí-Ilé nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, pé ó dá oko àgbàdo sí ẹ̀yìn ibùdó, àti pé kò padà wálé títí òyìnbó fi wá tú ogun ká. Nígbà tí ó sì dé, obìnrin kan láti apá Ìgbájọ, ní ìhà Ìbàdàn, ni ó tẹ̀lé e. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ fi bírò pupa fa ìlà lé gbogbo rẹ̀. Ó ní 1886 ni ogun parí, gbogbo ayé ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ oko àgbàdo àti ti obìnrin ọ̀tá kò yẹ nínú ìtàn àwọn akọni. Ṣé ìyá bàbá mi purọ́ fún mi ni? (Ìyá Olùkọ́, Ìjerò)

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ìyá bàbá yín kò purọ́. Akọ̀wé náà kò sì purọ́ ní ti ọdún tí ó dárúkọ. Ibi tí ó ti ṣìnà ni pé ó mú ìdáhùn ìbéèrè kan, ó sì fi pa ìdáhùn ìbéèrè mìíràn rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ọdún. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n para pọ̀, ọjọ́ yìí ni ó sì wà nínú ìwé, òun náà ni àwọn ènìyàn ń ṣe ìrántí rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a fọwọ́ sí ìwé, ọ̀tọ̀ ni kí jagunjagun ká ẹní rẹ̀ kí ó sì forí lé ọ̀nà ilé. Ìjà Ìlọrin àti Ọ̀ffà ṣì gbóná nígbà náà, kò sì sí ẹgbẹ́ ogun tí ó fẹ́ kọ́kọ́ kẹ́yìn sí èkejì, nítorí náà wọ́n ṣì ń ṣọ́ ara wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí i, títí Gómìnà Gilbert Carter fi gòkè wá láti Èkó ní 1893 tí ogun fi túká pátápátá. Òyìnbó tí ó wà nínú ìtàn ìyá bàbá yín nìyẹn. Ẹni tí ó jókòó ti ìwé yóò sọ pé 1886 ni ogun parí. Ìyá tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń retí ọmọ rẹ̀, yóò sọ pé 1893 ni. Bí a bá pe ọ̀kan nínú wọn ní òpùrọ́, àwa ni a kò gbọ́ ohun tí a bi í.

Nítorí pé ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìtàn ìlú àti ìtàn ilé ń dáhùn. Ìtàn ìlú ń sọ fún wa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wa, ohun tí ó fà á, àti ohun tí ó yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàn ilé ń sọ bí ó ti rí fún ẹnìkan ṣoṣo, ní ibi tí ó dúró sí, pẹ̀lú ebi tí ó pa á àti àgbàdo tí ó gbìn. Èkìtì ni wá, kí n fi iyán ṣe àlàyé: ẹni tí ó ń gún iyán kò fẹ́ kí kókó wà nínú rẹ̀, a sì máa ń bú ìyàwó tí iyán rẹ̀ bá ní kókó níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi yín pé irú iṣu wo ni wọ́n fi gún iyán náà, inú kókó yẹn nìkan ni ojú yín ti lè rí iṣu. Bàbá tí ó dá oko sí ẹ̀yìn ibùdó ni kókó tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ fẹ́ yọ sọnù. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí ó sì gba ọdún mẹ́rìndínlógún kò ṣeé fi ìbọn nìkan jà. Ènìyàn ní láti jẹun, ibùdó sì ní láti di ìlú.

Ẹ tún wo bí ìtàn ẹnìkan ṣe lè gbé ti gbogbo ìlú mì. Bí ẹ bá dúró ní ojú pópó tí ẹ bi ènìyàn ohun tí ó fa Kírìjì, orúkọ Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, àti bí ó ṣe bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ó sì dùn ún sọ, mo ti rí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n fi ṣe eré tí ẹni tí ó ń ṣe ajẹ́lẹ̀ fi sá lọ nígbà tí ó rí àdá onípákó. Síbẹ̀, ikú ajẹ́lẹ̀ kan kò tó láti so odindi ilẹ̀ mọ́ ojú ogun fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ajẹ́lẹ̀ wà ní ìlú dé ìlú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn sì ń wọ àgbàlá onílùú mú ewúrẹ́. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, èyí tí a ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, tí ó yá ju ṣakabùlà lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọjà láti etí òkun sí òkè náà wà níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí Fábùnmi bá ti fi àdá rẹ̀ sínú àkọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ì bá yọ tirẹ̀ ní ìlú mìíràn kí ọdún méjì tó pé. Ìtàn Fábùnmi jẹ́ kí a mọ bí ìbínú náà ṣe gbóná tó nínú ọkàn ẹnìkan. Kò lè sọ fún wa ìdí tí irú ìbínú bẹ́ẹ̀ fi wà ní gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. (Orúkọ ogun náà pàápàá, ìró ìbọn lásán ni. Etí ẹnìkan ni ó kọ́kọ́ gbọ́ «kírìjì» kí ó tó di orúkọ tí gbogbo wa ń pè é.)

Ohun mìíràn tí akọ̀wé yín gbàgbé ni pé ìtàn ńlá náà ní ibi tí ẹni tí ó sọ ọ́ jókòó sí. Ìwé ìtàn Yorùbá tí àwa tí a kàwé ń sá lọ bá jù lọ, ti àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ọ́ wà lára àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ sí ibùdó méjèèjì ní 1886. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ ni ó sì fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù tún un kọ kí ó tó jáde ní 1921. Iṣẹ́ ńlá ni, èmi kì í fi ṣeré. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni ó jókòó sí kọ ọ́, bí ilẹ̀ Èkìtì sì ti rí láti Ọ̀yọ́ kọ́ ni ó rí láti ẹ̀yìn ibùdó ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìgbìmọ̀ ọjọ́ ìlú yín náà jókòó síbì kan. Wọ́n fẹ́ kí àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, èyí kò sì burú, bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn.

Ní ti obìnrin láti apá Ìgbájọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní «obìnrin ọ̀tá» nínú ilé tí ó ti bímọ. Ìwé àdéhùn 1886 fi Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrèsì àti Àdá sílẹ̀ fún Ìbàdàn, ó sì ní ẹni tí kò bá fẹ́ bá wọn gbé lè kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ó ṣeé ṣe kí ìyá yín wà lára àwọn tí wọ́n kó ẹrù wọn. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọjà àgbàdo ni ó ti pàdé bàbá, tàbí pé wọ́n mú un ní ẹrú, èyí tí ìyá bàbá yín kò ní fẹ́ sọ fún ọmọdé. Ẹ má ṣe fi ìtàn ìlú dí ihò tí ó wà nínú ìtàn ilé yín. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni, nítorí ihò máa ń dùn ún dí, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá bàbá yín kò sọ, kò sọ ọ́.

Ohun tí èmi yóò ṣe bí mo bá wà ní ipò yín nìyí. Ẹ jẹ́ kí 1886 dúró sí ibi tí ó wà nínú ìwé ìlú, pẹ̀lú gbólóhùn kan lábẹ́ rẹ̀ pé 1893 ni ogun túká. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ìtàn tiyín gẹ́gẹ́ bí ti ilé kan: «Ní ilé báyìí, wọ́n sọ pé…», pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún yín àti bí ẹ ti dàgbà tó nígbà náà. Kí ẹ sì lọ bá ilé méjì tàbí mẹ́ta mìíràn tí bàbá wọn lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, kí ẹ bi wọ́n bóyá àwọn náà gbọ́ nípa oko, láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín fún wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn gbọ́, ọ̀rọ̀ ti ń kúrò ní ti ilé kan ṣoṣo nìyẹn. Bí wọ́n bá ní àwọn kò gbọ́, tiyín ṣì jẹ́ òtítọ́ fún bàbá yín, ẹ kàn má kọ ọ́ pé gbogbo jagunjagun ni ó dáko.

Ìyá tèmi kò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Ohun tí a sọ fún un ni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò nígbà tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan, tí àwọn adìyẹ sì wọlé lọ sùn. Àwọn tí ó kọ ìtàn ojú ọ̀run ni wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ pé ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 1947 ni òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ wa. Láti ibẹ̀ ni mo ti ṣírò ọjọ́ orí ìyá mi. Ìwé kò mọ̀ pé ọmọ kan ń rá kòrò lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé wa kò sì mọ nọ́ńbà kankan.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹni ogójì ọdún ni mí, iṣẹ́ fọkanáísà ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì. Arìnrìn-àjò kan tí mo ń lẹ táyà fún lọ́sẹ̀ tí ó kọjá ní òun gbọ́ pé kò sí ilé tí kò ní prọ̀fẹ́sọ̀ ní Èkìtì, ó wá wo ọwọ́ mi tí ó dúdú fún òróró, ó ní, «Ìwọ ńkọ́?» Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tán nínú mi. Ọmọ iṣẹ́ mi tí ó gbọ́ ọ ní kí n má dá a lóhùn, pé ṣebí èmi tí n kò kàwé ti kọ́lé, pé ìwé kò ní láárí mọ́. Èyí náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èwo ni òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì? (Alátáyà, Adó)

Ìdáhùn: Kò sí èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́. Ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹ rí ti ọmọ iṣẹ́ yín, nítorí ẹni tí wọ́n bá gbè lẹ́yìn kì í sábà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Oríkì ni «kò sí ilé tí kò ní prọ̀fẹ́sọ̀», kì í ṣe ìkànìyàn. Bí a bá ki ẹnìkan ní ọmọ erin tí ń mi igbó kìjikìji, kò sí ẹni tí yóò lọ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ní ìrù. Oríkì Èkìtì yìí kò sì ti afẹ́fẹ́ wá. Láti 1933 ni iléèwé Christ's School ti wà ní Adó yín níbẹ̀. Ní 1955 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn òbí sì wà tí wọ́n ta ilẹ̀ kí ọmọ lè kàwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ 1955 yìí ṣe àlàyé gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni ìtàn ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ti ń dá wa lẹ́kun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí, onímọ̀ ìtàn, ọmọ Ìkọ̀lé, 1929 ni wọ́n bí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sam Àlùkò, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ọmọ Òdè-Èkìtì, 1929 kan náà ni. Àgbà ni àwọn méjèèjì kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó bí ìfẹ́ ìwé ní Èkìtì. Ó bá a nílẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun tí oríkì náà gbé pamọ́. Bí prọ̀fẹ́sọ̀ bá ṣe òkú bàbá rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó tóbi jù lára pósítà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n mú kúrò ní iléèwé ní kíláàsì kẹta kí owó lè tó fún àbúrò, tí ó dúró ti bàbá nínú oko kòkó, «Ọ̀gbẹ́ni» ni wọ́n kọ síwájú orúkọ tirẹ̀, ní ìsàlẹ̀. Ìwé tí ọ̀kan kà, ọwọ́ ẹnìkejì ni ó san owó rẹ̀. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá dé ilé, ẹ bi àwọn àgbà yín ẹni tí ó kàwé nínú ìran yín àti ẹni tí ó sanwó. Kì í ṣe kí ẹ lè rí èsì fún arìnrìn-àjò yẹn o. Òun ti lọ, ó sì dá mi lójú pé táyà rẹ̀ kò tíì jò.

Ọmọ iṣẹ́ yín ni kí ẹ dá lóhùn. Ó rí ọ̀gá kan tí kò kàwé tí ó kọ́lé, ó sì fi ṣe òfin. Ẹ sọ fún un pé òun kò rí àwọn tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ fẹ́táyà wọn bàjẹ́ tí wọn kò rí owó tún un ṣe, tí wọ́n sì ti gba oko alágbàṣe lọ, nítorí ẹni tí ó ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò sí níbẹ̀ mọ́ láti jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ kù ni ó ń rí. Ilé yín fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wọ́pọ̀, kí ó rìn láti ìbùdókọ̀ kan dé òmíràn ní Adó, kí ó bi àwọn alátáyà iye ọdún tí wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́, àti ẹni tí ó ni ilé tí wọ́n ń gbé.

Ìbéèrè: Mo ní ilé tí mo ń yá ènìyàn ní Ìkẹ́rẹ́. Ayálégbé méjì láti ìlú kan náà ni ó ti fi òru kó ẹrù láìsan gbèsè. Mo ti búra pé n kò ní gba ará ìlú yẹn mọ́. Ìyàwó mi ní ó kù díẹ̀ káàtó. Ṣé n kò ní ẹ̀rí ni? (Baba Onílé)

Ìdáhùn: Mo ti pa orúkọ ìlú náà rẹ́ kúrò nínú lẹ́tà yín, ẹ má bínú. Ẹ̀rí yín pé, ó sì dájú pé ẹni méjì jẹ yín lówó. Ohun tí ẹ kò ní ni ẹ̀rí nípa ìlú. Ẹ gbìyànjú kí ẹ rántí àwọn ayálégbé tí wọ́n ti jẹ yín ní gbèsè láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ́ ilé náà, kí ẹ sì kọ ìlú wọn sílẹ̀; mo fura pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, bóyá mọ̀lẹ́bí yín pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ kò bú Ìkẹ́rẹ́ nítorí pé ẹ mọ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó ń sanwó. Ará ìlú kejì yẹn, méjì péré ni ẹ mọ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tiyín tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ ti dá ẹjọ́ ẹni tí kò tíì kan ilẹ̀kùn yín.

Ìyàwó yín ni ó jàre. Nígbà tí ẹlòmíràn bá wá béèrè yàrá, ẹ má bi í ní ìlú rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà onílé tí ó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ pè é níwájú rẹ̀, kí ẹ sì fetí sí bí onílé náà yóò ṣe dákẹ́ pẹ́ tó kí ó tó fèsì.